Ẹni Tó Kọ́kọ́ Kú Ló Jàre

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ọmọ, ohùn mi kò lọ jìnnà mọ́. Láti ìgbà tí mo ti dé Òde Rẹ́mọ yìí lẹ ti ń bi mí pé kí ló dé tí àgbàlagbà bíi tèmi, tó kọ́lé ara rẹ̀ sí Ìjòkú nínú Ṣàgámù, fi wá ń gbé yàrá kan nílé ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ìyá yín máa ń sọ fún àlejò pé atẹ́gùn ibí ló tẹ́ mi lọ́rùn. Irọ́ ni. Ẹ̀rù ló lé mi wá. Ẹ lè rẹ́rìn-ín bó bá wù yín. Ẹ rò pé bí èèyàn bá ti dàgbà, ẹ̀rù á fi í sílẹ̀. Ẹ̀rù ọmọdé a máa lọ bí ilẹ̀ bá mọ́. Tàgbà, àtòwúrọ̀ ló ti ń jí pẹ̀lú ẹni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí Ìjòkú ṣe rí nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, kẹ́ ẹ lè mọ ohun tó sọ nù. Ilé fara ti ilé nígbà náà. Òṣòòrò òrùlé tiwa ń dà sẹ́yìnkùlé ẹlòmíì, adìẹ ẹlòmíì ń yé sínú agbọ̀n wa. A máa ń jà, a ń jà dáadáa. Ahọ́n àti eyín pàápàá ń jà, áńbọ̀sì èèyàn tó ń gbọ́ ikọ́ ara wọn láti inú yàrá. Ṣùgbọ́n ìjà kì í pẹ́ nílẹ̀. Ìtún là ń pe àdúgbò lọ́dọ̀ wa, Olórítún sì ni àgbà tó ń ṣe olórí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ tí èèyàn méjì ń pariwo mọ́ra wọn gbọ́dọ̀ lọ sọ fún un. Bó o bá gbọ́, tó o bá dákẹ́, ìwọ náà ti dá kún ẹjọ́ nìyẹn.

Bí wọ́n bá ti pè yín, ẹ ó bọ́ fìlà, ẹ ó bọ́ bàtà, ẹ ó jókòó sórí ilẹ̀ lásán ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Olórítún tí mo mọ̀ jù, ojú rẹ̀ kan ti fọ́, kì í sì í sọ̀rọ̀. Gbànja ló máa ń jẹ. Ẹ̀yin ń rojọ́, òun ń fi eyín fọ́ obì, ẹ óò máa gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, kíkẹ́, kíkẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ yẹn burú ju pàṣán lọ. Mo ti rí ọkùnrin gìrìpá tó gbé irọ́ wá síbẹ̀, tó ń làágùn lọ́yẹ́. Ẹ̀rù ń bà wá nígbà náà, mi ò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n irọ́ ara wa là ń bẹ̀rù.

Ẹ̀rín náà wà níbẹ̀ o. Lọ́jọ́ kan, obìnrin méjì gbé ìjà ewúrẹ́ wá. Èyí ní tòun ni, èkejì ní tòun ni, wọ́n sì so ẹran náà mọ́ òpó kó lè wà níbẹ̀ bí ẹlẹ́rìí. Ibi tí wọ́n ti ń rojọ́ ni ẹran ti já okùn, tó kó ẹnu bọ àwo Olórítún, tó jẹ obì rẹ̀ tán pátápátá. Bàbá wò ó títí. Ó ní, "Ẹran tó ti jẹ obì ulé mi, ó ti di ará ulé mi." Kíá làwọn obìnrin méjèèjì ti dìde. Wọ́n rántí pé ìyá ẹran náà ni ti ẹnì kìíní, ọmọ ni ti ẹnì kejì. Wọ́n jọ fà á lọ, wọn ò wẹ̀yìn.

Bí ọdún Orò bá sì ti kù fẹ́ẹ́fẹ́, Olórítún á yí gbogbo ìtún ká, á máa fi ọ̀pá kan ilẹ̀kùn: "Ta ni ò bá ta sọ̀rọ̀ nínú ulé yìí?" Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé ìjà wọnú ọdún. Tí wọ́n bá ti parí ọ̀rọ̀, wọn á gbé ìkọ́kọrẹ́ gbígbóná síwájú àwọn tó jà, nínú àwo kan ṣoṣo, ọwọ́ wọn á sì máa kan ara wọn bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́. Ó ṣòro láti máa bínú sí ẹni tí ẹ jọ jó lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó ń ṣe é mọ́. Fóònù ni wọ́n fi ń bára wọn jà báyìí, tí ìjà bá sì le, wọ́n á tún fi fóònù pe ọlọ́pàá.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ nìkan ló máa ń mú kí Olórítún tètè lanu. Ìbéèrè kan ló máa ń bi. Á ní, "Ojú oórì ta ló wà níbẹ̀?" Inú ilé là ń sin bàbá ẹni sí láyé ìgbà yẹn, ibi tí bàbá rẹ bá sì sùn sí, tìrẹ ni. Bí wọ́n bá ti lè nawọ́ sí ojú oórì kan, ẹjọ́ tán. Kò sẹ́ni tó ń bá a jiyàn. Nígbà yẹn, òkú ló máa ń wà nílẹ̀ kí ìjà tó dé. Kò sẹ́ni tó ń torí ìjà wá òkú.

Ó wá kan ọ̀rẹ́ mi Ràjí. Ilé rẹ̀ ló tẹ̀ lé tèmi. Ọdún kan náà ni wọ́n bí wa, a jọ ṣe ẹgbẹ́, a jọ fẹ́yàwó, àwọn ìyàwó náà sì tètè fi wá sílẹ̀ lọ sọ́run. Mùsùlùmí ni, èmi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹran Iléyá rẹ̀ kò fò mí rí, ìrẹsì Kérésì mi kò fò ó rí. Ilẹ̀ kan wà láàárín ilé wa méjèèjì, tóóró báyìí, igi obì kan wà lórí rẹ̀. Àwọn bàbá wa ti jà lórí ilẹ̀ náà kó tó kàn wá. Olórítún bi ìbéèrè rẹ̀, kò sí ojú oórì ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbin pèrègún yí i ká. Ó ní, "Ti ẹ̀yin méjèèjì ni. Ẹ sá ata síbẹ̀, ẹ bó obì níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ́ nǹkan kan sí i. Ẹni tó bá dalẹ̀ á bálẹ̀ lọ." Ibẹ̀ làwọn ìyá wa ti ń bó obì láràárọ̀, tí wọ́n ń bá ara wọn ṣẹ̀fẹ̀, tí èèpo obì ń rùn wọ gbogbo yàrá. Èmi àti Ràjí dàgbà, a di bàbá, a di bàbá àgbà, a ò bi ara wa léèrè rí pé ta ló ni ín.

Ìjọba ló la ọ̀nà. Katapílà wá, ó wú igi obì, ó kó pèrègún lọ, ilẹ̀ tóóró tí ẹnikẹ́ni ò kà sí wá kọjú sí títì. Ibi tó ṣeé kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ló dà. Ọmọ mi Ṣẹ́gun, ẹ̀gbọ́n ìyá yín, da yanrìn síbẹ̀. Mùídì ọmọ Ràjí da yanrìn náà sí gọ́tà. Ni wọ́n bá wọ̀yá ìjà. Mo jáde, Ràjí náà jáde, a ń kígbe pé kí wọ́n dúró, kí wọ́n jẹ́ ká sọ ohun tí Olórítún sọ. Mùídì ní, "Olórítún wo? Ta ló rí ìwé rẹ̀?" Ṣẹ́gun tó ń bá a jà náà dáhùn pé òótọ́ ló sọ. Nǹkan kan ṣoṣo tí àwọn méjèèjì fẹnu kò lé lórí nìyẹn. Wọ́n dé àgọ́ ọlọ́pàá, láti àgọ́ ọlọ́pàá wọ́n gba ọ̀dọ̀ lọ́yà lọ. Ẹ ti gbọ́ ọ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ní tiwa, a ò tíì dé kóòtù tí lọ́yà ti ní kí èmi àti Ràjí má kí ara wa mọ́, kí a má bàa sọ ohun tó máa ba ẹjọ́ jẹ́. Èèyàn tí mo ti ń kí kí n tó mọ ọwọ́ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lọ́yà Ṣẹ́gun wá sí pálọ̀ mi. Ọmọlúàbí ni, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ó ń béèrè ohun tá a lè fi hàn ní kóòtù pé àwa la ni ilẹ̀ náà. Igi ti lọ, pèrègún ti lọ, àwọn tó gbọ́ ẹjọ́ àkọ́kọ́ ti kú. Ó wá ní, "Ká ní ojú oórì ẹnì kan nínú ìdílé yín wà níbẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ á rọrùn." Kò ní ibi lọ́kàn, mo mọ̀. Ó mu mínírà rẹ̀ tán, ó sì lọ. Ṣẹ́gun sìn ín dé ọ̀nà. Nígbà tó padà wọlé, ó bi mí pé, "Bàbá, ara yín ńkọ́?"

Láti ọjọ́ yẹn ni ọmọ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú mi. Ẹni tó lè pẹ́ kó tó yọjú sí mi tẹ́lẹ̀, àràárọ̀ ló wá ń dé. "Bàbá, ṣé ẹ sùn? Àyà tó ń dùn yín ńkọ́? Ẹsẹ̀ yín ò tún wú?" Bí mo bá ní ara mi le, á ní a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kì í dúpẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù àtiwúkọ́. Bí ikọ́ bá ń yọ mí lẹ́nu, màá ki aṣọ bọnu. Lọ́jọ́ kan, mo rí i láti ojú fèrèsé, ó ń fi téèpù wọn ilẹ̀ náà. Mo kọ́lé rí, mo mọ bí wọ́n ṣe ń wọn ṣọ́ọ̀bù. Ibi tó wọn kò ju ibi tí èèyàn kan lè dùbúlẹ̀ sí lọ. Mo jókòó sórí ibùsùn. N kò sọ pé ọmọ mi fẹ́ pa mí, ẹ má lọ sọ ohun tí n kò sọ. Ó kàn ń retí ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe rí kí ọmọ tẹ́ ẹ bí máa retí yín bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa bá a jẹun.

Ọsibítù ni mo ti bá Ràjí pàdé, níbi tí wọ́n ti ń wọn ìfúnpá fún àwa àgbà. Kò sí lọ́yà níbẹ̀. Ó wá jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì, a jọ ń wo iwájú bí ẹni tí kò mọra.

Ó ní, "Ṣé wọ́n ń tọ́jú ẹ l'ulé?"

Mo ní, "Wọ́n ń tọ́jú mi jù."

"Èmi náà. Mùídì ra tìmùtìmù tuntun fún mi. Mi è lè sùn lórí ẹ̀." Ó sún mọ́ mi sí i. "Lọ́yà tiwọn náà ti bi wọ́n nípa ojú oórì."

Mo ní, "Ràjí, ṣé ohun tí mò ń rò nìwọ náà ń rò?"

Ó ní, "Kí ló kù tí à bá rò? Ẹni tó bá kọ́kọ́ kú nínú àwa méjèèjì, ulé rẹ̀ ló jàre."

A bú sẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì ní kí àwọn bàbá yìí rọra. A ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wa, nígbà tó yá n kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ṣì ni. Ràjí di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Mi è fẹ́ kí wọ́n fi mí ṣe èèkàn. Èèyàn ni mí." Wọ́n ní bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́. Àwọn ọmọ tiwa kò mọ òwe yẹn, tàbí wọ́n mọ̀ ọ́n tí wọ́n gbé e jù sílẹ̀.

Ràjí ló ti gbọ́ lórí rédíò pé ibì kan wà tí ìjọba ti ń parí ìjà láìsí pé adájọ́ dá ẹnì kan lẹ́bi. A wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ, àwa méjèèjì, bí ọmọ tó sá kúrò nílé ìwé. Obìnrin tó ń ṣe ìlàjà níbẹ̀ kéré sí ìyá yín, ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀ kí wa, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ràn. Kì í dá ẹni dúró. Nígbà tí a sọ ọ́ tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní kí a jẹ́ kí òun pe àwọn ọmọ wa.

Àwọn ọmọ wá. Lọ́yà ò wọlé pẹ̀lú wọn. Obìnrin náà ní kí kálukú sọ tẹnu rẹ̀, Ṣẹ́gun sọ, Mùídì sọ, ṣọ́ọ̀bù, títì, yanrìn. Ràjí gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Mùídì, bí mo bá kú, ibo lo máa sin mí sí?"

"Bàbá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ ó pẹ́ fún wa."

"Mo bi ẹ́ ni."

Mùídì tẹrí ba. Ṣẹ́gun náà ń wo àwọn bàtà rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé òun ni ìbéèrè yẹn máa kàn tẹ̀ lé e. Ràjí wá sọ ọ́ síta, lójú gbogbo wa, pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sin òun sórí ilẹ̀ yẹn, pé itẹ́ òkú àwọn Mùsùlùmí ẹgbẹ́ òun ni kí wọ́n gbé òun lọ. Èmi náà sọ tèmi. Obìnrin náà ní òun á kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: kò sí ilé, kò sí òkú, kí ilẹ̀ padà sí bí àwọn bàbá wa ṣe lò ó, kí gbogbo wa sì jọ fọwọ́ sí i. Àwọn ọmọ ní àwọn fẹ́ lọ bá lọ́yà àwọn sọ̀rọ̀ ná. Ó ní kò burú, ó dá ọjọ́ míì. Ràjí wò ó. Ó ní, "Ukú è mọ ọjọ́ ìpàdé, ìyá mi."

Ọjọ́ ìpàdé ò tíì pé tí Ràjí fi kú. Ó kí ìrun àárọ̀ tán, ó ní kí wọ́n bá òun bu omi, omi náà ò bá a láàyè. Igbe àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin ni mo gbọ́. Mo ń wá bàtà mi kiri nígbà tí mo gbọ́ ìró kejì láàárín igbe, ìró ṣọ́bìrì tó ń wọ ilẹ̀. Mo jáde láìwọ bàtà.

Mùídì ti gbẹ́ ilẹ̀ tóóró yẹn dé orúnkún. Mo wọ inú ibi tó ń gbẹ́, mo sì jókòó síbẹ̀. Bí mo ṣe sọ ọ́ yẹn ni mo ṣe ṣe é. Èmi tí orúnkún ń dùn.

Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ẹ mọ̀ pé a kì í jẹ́ kí òkú wa pẹ́ nílẹ̀."

Mo ní, "Mo mọ̀. Gbé e lọ síbi tó ní kó o gbé òun lọ."

"Bàbá mi ni, kì í ṣe bàbá yín."

"Ọ̀rẹ́ mi ni. O gbọ́ ohun tó sọ. Ìwọ àti èmi la jọ gbọ́ ọ."

Ó gbé ṣọ́bìrì sókè. Mo rí ojú rẹ̀, mo sì rò pé ó parí nìyẹn. N kò lè dìde, bí mo tilẹ̀ fẹ́ dìde. Ó pẹ́ kó tó sọ ṣọ́bìrì náà sílẹ̀. Ó jókòó sórí òkìtì tó kó jáde, ó sunkún bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ fi sọ́jà. Òun náà ló wá fà mí jáde kúrò nínú ihò. Itẹ́ òkú àwọn Mùsùlùmí ni wọ́n gbé Ràjí lọ kí oòrùn tó yẹ̀, mo sì tẹ̀ lé wọn dé ibẹ̀. Inú mi bàjẹ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi balẹ̀. Ìgbà ìkẹyìn tó balẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí mo padà délé, Ṣẹ́gun ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó bá mi gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò láṣọ. Ó ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ò jẹ́ kí wọ́n rí i mú. Ó ti kù sọ́wọ́ wa báyìí."

Mo torí ọ̀rẹ́ mi jókòó sínú ilẹ̀, ọmọ mi rò pé mo ń gba ipò ni. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo ní kó dí ihò náà. Ó ní kí n jẹ́ kó wà ná. Ó lọ wá páànù méjì, ó fi bò ó, ó fi búlọ́ọ̀kù tẹ páànù náà kí ewúrẹ́ má bàa jìn sí i. Láti ojú fèrèsé yàrá mi ni mo ti ń rí i. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, páànù á dún, màá sì rò pé wọ́n ń ṣí i.

Mo padà tọ obìnrin ìlàjà yẹn lọ. Ó gbọ́, ó kọ ọ́ sílẹ̀, omi lé sí i lójú. Ó ní, "Bàbá, màá máa pè wọ́n títí. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti lọ, àwọn tó bá kù ni mo máa bá sọ̀rọ̀." Èèyàn rere ni, kò sì parọ́ fún mi. Olórítún ti kú tipẹ́tipẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó kú. Ìyẹn ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ayé tiwa àti tiyín, òun ló sì ń bà mí lẹ́rù. Mo kó aṣọ mi sínú àpò, mo wọ tasí wá sọ́dọ̀ ìyá yín.

Ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi í fún ẹkùn pa jẹ. Mo ṣì fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n ìyá yín, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá a jà nítorí mi. Ó wá síbí lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ẹ rí i. Ó kó ọsàn àti búrẹ́dì wá, ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé. Kò yẹ kí ẹ máa gbé nílé àna yín, ó ń dójú ti èmi." Òótọ́ ló sọ, ó dójú ti èmi náà. Ilé mi ń wù mí. Mo ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀ kí n tó bi í pé, "Ṣẹ́gun, ṣé o ti dí ihò yẹn?"

Ó ní, "Bàbá, ẹ wọ ọkọ̀ ná."

Mo gbé ẹsẹ̀ mi jáde. Bó bá tún dé, ẹ̀yin ọmọ, ẹ kí i dáadáa, kẹ́ ẹ fún un lómi mu. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì pè mí. Ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ó ti dí i.